Ọmọ Tí A Gbà Ṣe Ọmọ, Ọmọ Ni

(Ọ̀rọ̀ àsọyé fún àwọn tọkọtaya níbi Ọ̀sẹ̀ Ìdílé ìjọ kan ní Ìbàdàn)

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn Ọlọ́run. Ẹ̀yin àlùfáà, ẹ̀yin bàbá ìjọ, ẹ̀yin ìyá ìjọ, ẹ̀yin tọkọtaya tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ wá síbí lónìí, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó dúró lẹ́yìn nítorí pé àga kò tó, mo kí gbogbo yín lórúkọ Jésù. Ẹ kú ọ̀sẹ̀ ìdílé. Ọlọ́run yóò jẹ́ ká ṣe ọ̀pọ̀ rẹ̀ láyọ̀.

Àkòrí tí wọ́n fún mi ni ìdílé onígbàgbọ́ láyé òde òní. Àkòrí náà fẹ̀. Mo lè sọ̀rọ̀ owó ilé ìwé, mo lè sọ̀rọ̀ fóònù lọ́wọ́ ọmọdé, mo lè sọ̀rọ̀ aáwọ̀ tọkọtaya. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tó ti ń jẹ mí lọ́kàn, tó jẹ́ pé bí a bá fẹ́ sọ ọ́ nínú ìjọ, a máa ń kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò. Ọ̀rọ̀ ọmọ tí èèyàn gbà ṣe ọmọ ni. Ọ̀rọ̀ náà ni mo gbé wá. Ẹ gbà mí láyè.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè. Ta ni nínú wa tí kò mọ Róòmù orí 8, ẹsẹ 15? Pọ́ọ̀lù ní a ti gba ẹ̀mí ìsọdọmọ, òun ló jẹ́ ká lè máa ké pé, Ábà, Baba. A máa ń fi ẹsẹ yẹn gbàdúrà. A máa ń fi í dúpẹ́. Àmín tí à ń ṣe sí i máa ń mi òrùlé. Àbí mo purọ́? Tó bá wá di ọjọ́ Mọ́ńdè, tí arábìnrin kan nínú wa lọ gba ọmọ ní ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí, kí ni à ń sọ lẹ́yìn rẹ̀ kó tó di Sunday? "Ta ló mọ irú ẹ̀jẹ̀ tó wà lára ọmọ yẹn?" "Ó mà ṣe o, kò lè dúró de àkókò Ọlọ́run." Ẹnu tó ṣe àmín náà ló ń sọ ọ́. Ẹnu kan náà!

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣí Bíbélì

Mi ò ní pẹ́ lórí Mósè, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ẹ́kísódù 2:10 sọ pé ìyá rẹ̀ mú un tọ ọmọbìnrin Fáráò lọ, ó sì di ọmọ rẹ̀. Mi ò ní pẹ́ lórí Ẹ́sítérì náà. Bàbá rẹ̀ kú, ìyá rẹ̀ kú, Módékáì tó jẹ́ ọmọ arákùnrin bàbá rẹ̀ mú un ṣe ọmọ ara rẹ̀. Ó wà nínú Ẹ́sítérì 2:7. Ẹni tí wọ́n gbà tọ́ yìí ló wá gba odindi ìran là lọ́wọ́ ìparun.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ jókòó tì mí ni ilé Jósẹ́fù ní Násárẹ́tì. Nígbà Kérésìmesì, a máa ń kọjá lára Jósẹ́fù bí ẹni kọjá lára ẹni tí kò mọ̀. Bí àwọn ọmọ ilé ìwé ọjọ́ ìsinmi bá ń ṣe eré, ọmọ tí kò mọ ọ̀rọ̀ há sórí ni wọ́n máa ń fi ṣe Jósẹ́fù, torí pé kò ní ọ̀rọ̀ kankan tí yóò sọ. Òótọ́ sì ni, kò sí gbólóhùn kan láti ẹnu Jósẹ́fù nínú ìwé Ìhìn Rere mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣe. Ó rí i pé ìyàwó àfẹ́sọ́nà òun lóyún. Ó mọ̀ pé kì í ṣe òun ló ni oyún náà. Ó ti ń gbèrò àtikọ̀ ọ́ sílẹ̀ ní bòókẹ́lẹ́ kí áńgẹ́lì tó bá a sọ̀rọ̀ lójú àlá. Áńgẹ́lì sọ fún un pé kó mú Màríà sílé, ó tún sọ ohun kejì: ìwọ ni yóò sọ ọmọ náà ní orúkọ. Mátíù 1:21. Tí ẹ bá sì dé ẹsẹ 25, ó sọ ọ́ lórúkọ lóòótọ́. Ó pè é ní Jésù.

Ẹ̀yin àgbà Yorùbá, ẹ ló ni òwe. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ta ló máa ń sọ ọmọ lórúkọ? Ṣé alábàáwá ni, àbí onílé? Ọjọ́ tí Jósẹ́fù la ẹnu pe orúkọ yẹn ló gba ọmọ náà sínú ilé Dáfídì. Ẹ padà lọ ka ìran tí Mátíù kọ sílẹ̀. Láti ọ̀dọ̀ Ábúráhámù, ó gba ọ̀dọ̀ Dáfídì, ó gba ọ̀dọ̀ Sólómọ́nì, ọ̀dọ̀ Jósẹ́fù ló sì já sí. Mátíù kò sọ pé nígbà tí Jósẹ́fù kì í ṣe ẹlẹ́jẹ̀ ọmọ, ká fa orúkọ rẹ̀ yọ. Bá a ṣe ń kọrin pé Ọmọ Dáfídì, Hòsánnà, gbígbà tí Jósẹ́fù gba ọmọ yìí wà lára ohun tó mú orin náà bá a mu.

Ẹ tún wò ó. Lúùkù 2:1 ní àṣẹ kan ti ọ̀dọ̀ Késárì Augustu jáde wá, òun ló gbé Jósẹ́fù dé Bẹ́tílẹ́hẹ́mù. Ta ni Augustu yìí? Kì í ṣe ọmọ bíbí Késárì. Ìyá rẹ̀ ni ọmọ arábìnrin Julius Caesar. Ìgbà tí wọ́n pa Julius Caesar ní ọdún 44 ṣáájú ìbí Kristi, tí wọ́n ka ìwé ìhágún rẹ̀, ni wọ́n rí i pé ó ti fi ọmọkùnrin yìí ṣe ọmọ, ó sì fi orúkọ rẹ̀ fún un. Tiberiu tí Lúùkù dárúkọ ní orí kẹta ńkọ́? Ọmọ ìyàwó Augustu ni, tí Augustu gbà ṣe ọmọ. Ayé tí Pọ́ọ̀lù kọ ìwé sí nìyẹn. Nígbà tí ó kọ̀wé sí àwọn ará Róòmù pé Ọlọ́run ti sọ yín dọmọ, wọn kò nílò àlàyé. Àwọn tó ń jọba lé wọn lórí, ọmọ tí wọ́n gbà ṣe ọmọ ni wọ́n, kò sì sẹ́ni tó tó bẹ́ẹ̀ láti wò wọ́n bí ààbọ̀ ọmọ.

Òwe kan tó ń dí wa lọ́wọ́

Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn àwọn kan. Ẹ ń sọ pé ìyẹn Bíbélì, àwa ńkọ́, Yorùbá ni wá. Ọmọ ẹni kò ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Òwe ńlá ni, mi ò sì wá síbí láti bú òwe baba mi. Ó ń kọ́ wa pé ká má fi tiwa sílẹ̀ torí tẹlòmíì. Ṣùgbọ́n tí a bá ti gba ọmọ náà wọlé, tí a fún un lórúkọ, ta ni ọmọ ẹlòmíràn mọ́? Ìdí ọmọ tiwa náà ni a ń fi ìlẹ̀kẹ̀ sí. Yorùbá kan náà ló kúkú sọ pé ẹnì kan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í tọ́ ọ. Yorùbá náà ló sọ pé ọmọ kò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ.

Kò kúkú sí ìran tó mọ ọmọ ọlọ́mọ tọ́ tó wa. Ẹ wo inú ilé yín. Ta ni nínú wa tí kò gbé ọ̀dọ̀ bàbá àgbà, tàbí ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá, tàbí ọ̀dọ̀ tíṣà kan rí? Bíbélì Yorùbá tó wà lọ́wọ́ yín yẹn, ọmọ tí ogun já gbà lọ́wọ́ ìyá ló ṣe agbátẹrù rẹ̀. Ọdún 1821 ni wọ́n kó Àjàyí lẹ́rú ní Òṣòǹgùn. Wọ́n tú u sílẹ̀ ní Freetown lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn tí kì í ṣe ẹbí rẹ̀ ló kọ́ ọ ní ìwé, tí wọ́n tọ́ ọ. Ọdún 1846 ló tó fojú kan ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Òun ni Bíṣọ́ọ̀bù Crowther wa. Ká ní gbogbo èèyàn ní Freetown sọ pé àwọn kò mọ ẹ̀jẹ̀ tó wà lára rẹ̀ ńkọ́?

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa. Gbígbà tí à ń gba ọmọ sílé yàtọ̀ sí gbígbà á ṣe ọmọ. Ọmọ ọlọ́mọ là ń rán níṣẹ́ àṣedòru, ṣé ẹ mọ òwe yẹn? Mo wọ ilé onígbàgbọ́ kan, aládùúrà gidi ni wọ́n. Wọ́n gbé oúnjẹ wá. Àwọn ọmọ mẹ́ta jókòó sí tábìlì pẹ̀lú abọ́ tánganran aláwọ̀ funfun. Ọmọbìnrin kẹrin, ó tó ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná pẹ̀lú abọ́ ike aláwọ̀ búlúù tí etí rẹ̀ ti jóná. Ìgbà tí àwọn mẹ́ta jẹun tán ni wọ́n bu tirẹ̀, eegun ẹja ni wọ́n sì fi lé e lórí. Tí ẹ bá bi ìyá ilé, yóò sọ pé, "Ọmọ wa ni o, a kì í yà á sọ́tọ̀." Abọ́ yẹn ti yà á sọ́tọ̀. Ẹ̀yin ìyá, mo bẹ̀ yín, tí ẹ bá délé, ẹ wo abọ́ tí ọmọ tó wà lọ́dọ̀ yín fi ń jẹun. Ẹ wo ibi tó ń sùn. Ẹ wo aago tó ń jí.

Ohun tí fíìmù ń kọ́ wa

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí ọ̀rọ̀ fíìmù, torí pé ìwàásù wákàtí kan ni à ń gbọ́ lọ́sẹ̀, fíìmù sì ń wàásù fún wa lálaalẹ́. Èmi náà máa ń wo fíìmù Yorùbá, mo fẹ́ràn rẹ̀, iṣẹ́ ńlá ni àwọn òṣèré wa ń ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wo irú ìtàn tí wọ́n máa ń sọ nípa ọmọ tí a gbà tọ́. Tó bá dàgbà, olè ni. Tí kò bá jalè, ó mú májèlé fún ìyá tó tọ́ ọ. Tí kò bá ṣe méjèèjì, àwọn òbí rẹ̀ gidi á fi ọkọ̀ ńlá wá gbé e ní ìparí, yóò sì bá wọn lọ láì wẹ̀yìn. Ọdọọdún la ń rí irú rẹ̀. Ọmọ bíbí tó jalè lóde wa ńkọ́, ta ló ń ṣe fíìmù pé ẹ̀jẹ̀ bàbá rẹ̀ ló fà á?

Èyí tó tún wọ́pọ̀ lórí Facebook àti TikTok báyìí ni àwọn fídíò kéékèèké tó fi àyẹ̀wò DNA ṣe ẹ̀rín. Bàbá gba èsì, ó ṣubú lulẹ̀, ó lé ọmọ jáde, a rẹ́rìn-ín. Mi ò sọ pé ẹ̀tàn dára. Àgbèrè, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tó dúró ní ẹ̀gbẹ́ kan nínú fídíò yẹn, kí ló ṣe? Ẹ̀yin tí ẹ bá sì gba ọmọ ṣe ọmọ, tí ẹ jọ jókòó sórí àga kan náà, tí ẹ ń wo fídíò yẹn, tí ẹ rẹ́rìn-ín, ṣé ẹ mọ ohun tí ọmọ yín ń rò lákòókò náà? Ẹ pa fídíò náà. Ẹ yí i kọjá. Kí ẹ sì sọ ìdí tí ẹ fi yí i kọjá.

Àwa nínú ìjọ náà ní tiwa. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi níbí o, torí ọ̀rọ̀ yìí kan ẹ̀rí tí à ń jẹ́. "Mo gba ọmọ kan sílé, ọmọ náà pe ọmọ wá, Ọlọ́run ṣí mi nínú." Halelúyà! A jó, a yọ̀. Ayọ̀ ni, mo bá ẹni tó bímọ yọ̀ tọkàntọkàn. Àmọ́ ọmọ àkọ́kọ́ yẹn dà? Ó jókòó sí àárín àwọn ọmọdé, ó ń gbọ́ ọ lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn pé òun ni wọ́n fi pe ẹni tí wọ́n ń wá gan-an. Ẹnikẹ́ni tó bá ń gba ọmọ torí pé wòlíì kan ní yóò fa ọmọ bíbí wá, kó jọ̀wọ́, kó fi ọmọ náà sílẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ ọmọ. Sáàmù 68:6 sọ pé Ọlọ́run ń mú ẹni tó dá wà jókòó nínú ìdílé. Torí ọmọ tó dá wà ni Ọlọ́run ṣe ń ṣe é.

Ọ̀rọ̀ àṣírí

Ibí ni ọ̀rọ̀ náà ti le. Arábìnrin kan, kì í ṣe ọmọ ìjọ yìí, wà nílé ọkọ fún ọdún 11 láìrí ọmọ bí. Òun àti ọkọ rẹ̀ fohùn ṣọ̀kan, wọ́n gba ọmọ lọ́nà tó bófin mu. Ṣùgbọ́n wọ́n bẹ̀rù ẹnu ìyá ọkọ. Ni arábìnrin yìí bá bẹ̀rẹ̀ sí í di aṣọ mọ́ ikùn. Ó kọ́kọ́ di tówẹ̀ẹ̀lì. Nígbà tó yá, ó fi ìrọ̀rí kékeré kún un, ó ń fi ọwọ́ ti ìbàdí bó bá ń dìde nínú ìjọ. Àwọn ìyá ìjọ gbé ọwọ́ lé ikùn yẹn, wọ́n ní a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Ó ń ṣe àmín. Ó sọ fún mi pé kò sóhun tó wúwo bí àmín yẹn lẹ́nu òun. Ó lọ "bímọ" ní Èkó, ó gbé ọmọ dé, gbogbo ilé jó.

Ọmọ náà ti di ọmọ ọdún 16 nígbà tí ọkọ kú. Wọ́n ń ṣe ìpàdé ẹbí lórí ogún, ni àbúrò bàbá kan tó ti gbọ́ fínrín-fínrín bá kọjú sí ọmọ náà, ó ní, "Ìwọ gan-an, ta ni bàbá ẹ?" Ọmọ náà wo ojú ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ wolẹ̀.

Ọmọ yẹn kò bínú pé wọ́n gba òun ṣe ọmọ. Ohun tó ń tún sọ ni pé, "Mọ́mì mọ̀, wọn ò sọ fún mi." Ta ni mo dá lẹ́bi? Ìyá náà ní ẹ̀bi tirẹ̀, ó sì ti sunkún rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo dá wa lẹ́bi, àwa tí a fi ẹnu wa dẹ́rù bà á títí tó fi di ìrọ̀rí mọ́ra. Mo sì dá àwọn ọkọ lẹ́bi. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ gbọ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé ara ọkùnrin ni ìṣòro wà tí oyún kò fi dúró, dókítà ti sọ fún un, ó ní kí dókítà má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìyá rẹ̀ ń pe ìyàwó ní àgàn, ó dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn kò yẹ onígbàgbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tẹnì kan tó ṣe é dáadáa. Olùkọ́ àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ti ń sọ ìtàn náà fún ọmọ rẹ̀ láti ìgbà tó ń gbé e pọ̀n: ọjọ́ tí a lọ gbé ọ, òjò ń rọ̀, aṣọ aláwọ̀ ewé ni wọ́n fi wé ọ, bí mo ṣe gbà ọ́ báyìí, o tọ̀ sí mi láṣọ. Ọmọ náà á ní, "Ẹ tún un sọ." Wọ́n á tún un sọ. Nígbà tó dé kíláàsì kẹrin, ọmọ kan fẹ́ fi bú u, ó ní bàbá tó ń wá mú ọ yìí kì í ṣe bàbá ẹ gidi. Ọmọbìnrin náà ní, "Mo mọ ìtàn yẹn. Bàbá mi ló sọ ọ́ fún mi. Ṣé wọ́n sọ fún ẹ pé mo tọ̀ sí wọn láṣọ?" Ọ̀rọ̀ tán.

Díẹ̀ nípa òfin

Mi ò ní pẹ́ níbí. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe jáde ní 2003, tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe tirẹ̀ ní 2007, tí àwọn ìpínlẹ̀ Yorùbá yòókù náà sì ní irú rẹ̀, la ọ̀nà sílẹ̀. Iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ìgbáyégbádùn ọmọdé ni ẹ ó kọ̀wé sí. Wọn yóò fọ̀rọ̀ wá yín lẹ́nu wò, wọn yóò wá wo ilé yín, ilé ẹjọ́ ni yóò sì fọwọ́ sí i níkẹyìn. Nínú òfin 2003 yẹn, tọkọtaya tó fẹ́ gba ọmọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gbọ́dọ̀ ti tó ẹni ọdún 25, kó sì fi ó kéré tán ọdún 21 ju ọmọ náà lọ. Lọ́jọ́ tí ilé ẹjọ́ bá sì ti fọwọ́ sí i, ọmọ náà di ọmọ yín, ó ní ẹ̀tọ́ sí ogún yín bí ọmọ bíbí. Àbúrò bàbá kankan kò lè sọ pé kò kàn án.

Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ mú owó wá, òun yóò gbé ọmọ jòjòló lé yín lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ sá fún un. Nọ́ọ̀sì ni o, pásítọ̀ ni o, ẹ sá. Ọmọ títà àti ọmọ rírà, ẹ̀wọ̀n ló wà níbẹ̀. Ní ìkòríta ibì kan, ọmọbìnrin kékeré kan ń sunkún ọmọ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ tà. A kò lè máa fi omijé rẹ̀ ṣe ìdúpẹ́.

Ẹ̀yin àlùfáà wa, mo ní ẹ̀bẹ̀ kan sí yín. Tí wọ́n bá gbé ọmọ bẹ́ẹ̀ wá, ẹ má ṣe gbàdúrà fún un ní ọ́fíìsì. Ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ ìsọmọlórúkọ ní gbangba, pẹ̀lú oyin, pẹ̀lú iyọ̀, pẹ̀lú omi. Kí bàbá dìde, kó pe orúkọ, kí ìjọ pè é tẹ̀ lé e. Kí ìyá ọkọ wà níbẹ̀, kó fún ọmọ ní orúkọ tirẹ̀ náà.

Ìbéèrè kan tó wọlé

Wọ́n fi ìwé pélébé kan ránṣẹ́ sí mi nígbà tí mo ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Ìyá kan ló kọ ọ́, mi ò ní dárúkọ. Ó ní ọmọ òun ti pé ọdún méje, òun kò tíì sọ fún un, níbo ni kí òun ti bẹ̀rẹ̀?

Ìyá wa, ẹ ṣé tí ẹ béèrè. Ẹ má ṣe dúró de ọjọ́ ìbí rẹ̀, ẹ má sì pe ẹbí jọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, nígbà tí ẹ bá ń di irun fún un. Irun dídì dára fún ọ̀rọ̀ yìí, torí ọwọ́ yín wà lórí rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń wo ojú ẹnì kan. Ẹ sọ pé: "Ìyá kan ló bí ọ. Kò ṣeé ṣe fún un láti tọ́ ọ. Èmi àti bàbá ẹ ń wá ọmọ, a wá gbé ọ." Ẹ má bú ìyá tó bí i, ẹ má sì sọ pé ó ti kú tí ẹ kò bá mọ̀. Tó bá béèrè pé níbo ló wà, ohun tí ẹ bá mọ̀ ni kẹ́ ẹ sọ, ohun tí ẹ kò bá mọ̀, ẹ ní ẹ kò mọ̀. Ó lè má dáhùn rárá, ó lè ní irun ń dun òun. Ó lè di ọ̀sẹ̀ méjì kó tó tún béèrè, bóyá lójú ọ̀nà ilé ìwé. Tó bá béèrè, ẹ dá a lóhùn lọ́jọ́ náà. Ìwé ilé ẹjọ́ tí ẹ tì mọ́ inú àpótí, ẹ mú un jáde, ẹ fi sínú fáìlì kan náà pẹ̀lú ìwé ìrìbọmi rẹ̀ àti èsì ìdánwò rẹ̀, kó mọ ibi tó wà.

Ẹ ṣeun tí ẹ gbọ́ mi.